Ojú iṣẹ́ abẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ Bàbá: kí la lè ṣe kó má baà kẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Bàbá mi jẹ́ ẹni ọdún 66. Ó ti tó ọdún 11 tí wọ́n ti ní àtọ̀gbẹ, wọ́n sì ń mu sìgá. Wọ́n ní àwọn ti jáwọ́, àmọ́ a mọ̀ pé wọ́n ṣì ń mu ún ní kọ̀rọ̀. Ìka ẹsẹ̀ wọn kan ti dúdú. Dókítà ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ti dí, pé ní ọ̀sẹ̀ méjì òní àwọn yóò la ọ̀nà mìíràn fún ẹ̀jẹ̀ láti ibi tí itan ti pàdé ikùn dé ẹ̀yìn orúnkún. Ó kìlọ̀ fún wa pé ojú iṣẹ́ abẹ ibẹ̀ yẹn máa ń kẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ fi owó ránṣẹ́ kí n ra abẹ́rẹ́ antibáyọ́tíìkì tó lágbára jù lọ, kí Bàbá máa gbà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀? Kí ni àwa ará ilé tún lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí wọ́n tó gbé wọn wọ tíátà, nítorí ìgbà tí egbò bá ti ń rùn ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń rántí béèrè. Ó lé ní 20 ọdún tí mo ti ń tọ́jú ojú iṣẹ́ abẹ ní wọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí ọwọ́ mi ti kàn. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kí wọ́n fi owó abẹ́rẹ́ yẹn pamọ́ ná. Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Màá sọ ohun tí owó náà lè ṣe kí n tó dákẹ́.

Ìgbà tí antibáyọ́tíìkì wúlò jù fún irú iṣẹ́ abẹ yìí ni ìgbà tí abẹ kò tíì kan ara. Ó gbọ́dọ̀ ti dé inú ẹ̀jẹ̀, kó ti ráyè wọ inú ẹran ara, kí kòkòrò tó rí ojú ihò tó máa gbà wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fún aláìsàn ní oògùn bíi cefazolin láàárín 60 ìṣẹ́jú ṣáájú kí wọ́n tó la ara, tí wọ́n á sì tún un fún un bí iṣẹ́ náà bá kọjá wákàtí mẹ́rin, nítorí iṣẹ́ abẹ iṣan kì í yá. Tí wọ́n bá ti rán ojú ibẹ̀ tán, iṣẹ́ ìdènà ti parí nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ọ́ kedere nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2016 pé kí a má fa antibáyọ́tíìkì ìdènà gùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Àwọn oníṣẹ́ abẹ iṣan kan ṣì máa ń fún aláìsàn di wákàtí 24, wọ́n á sì dá a dúró. Ẹ̀yìn ìyẹn, kòkòrò tí kò lágbára ni ẹ óò máa pa, èyí tó ya pòkíì nínú wọn á kù sílẹ̀, á sì máa bí sí i. Lọ́jọ́ tí egbò bá wá nílò oògùn lóòótọ́, oògùn náà kò ní í ràn án mọ́. Ẹ ó sì tún ti fi ìgbẹ́ gbuuru dá àgbàlagbà tí kò lókun láàmú.

Ọ̀tọ̀ ni ti ìka tó ti dúdú yẹn o. Bí dókítà bá rí i pé kòkòrò ti wà nínú ẹsẹ̀ náà, tó sì kọ antibáyọ́tíìkì fún ọjọ́ mélòó kan, ìtọ́jú nìyẹn, kì í ṣe ìdènà. Kí Bàbá lò ó tán bí ó ṣe wà nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí dókítà yín fi ń bẹ̀rù ibi tí itan ti pàdé ikùn. Ẹ fọwọ́ kan tiyín: ó lọ́rinrin, ó gbóná, awọ méjì ń ra ara wọn. Bí èèyàn bá níkùn, ikùn á tún dà bò ó nígbà tó bá jókòó. Ibi tí a ti ń tọ̀ àti ibi tí a ti ń yàgbẹ́ kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ojú kò rí: àwọn kókó kéékèèké tó máa ń wú bí èèyàn bá fẹsẹ̀ gún ìṣó. Ọ̀dọ̀ wọn ni omi ara tó ń gòkè bọ̀ láti ẹsẹ̀ ń gbà kọjá. Dókítà kò sì lè dé ibi iṣan kó má gba àárín wọn. Bí àwọn okùn tín-ín-rín tó so wọ́n pọ̀ bá já, omi á máa sun, ojú ìránsọ á máa tutù, kòkòrò á sì rí ibi jókòó. Bí ìka ẹsẹ̀ tó ń kú bá wá ní kòkòrò nínú, òun náà lè bá omi yẹn gòkè.

Kíkẹ̀ ju kíkẹ̀ lọ. Dókítà oníṣẹ́ abẹ iṣan kan ní Detroit, Szilagyi, pín in sí ìpele mẹ́ta ní 1972, a ṣì ń lò ó títí dòní. Ti àkọ́kọ́ kò kọjá awọ. Ìkejì wọ inú ọ̀rá abẹ́ awọ. Ìkẹta dé ara iṣan tí wọ́n rán mọ́ra, èyí sì ni ó ń mú ẹsẹ̀ lọ, tí ó tún ń mú ẹ̀mí lọ nígbà mìíràn, nítorí ojú ibi tí wọ́n rán lè já. Bí ẹ bá rí i tí mo ń tẹnu mọ́ ohun tó dà bí ohun kékeré nísàlẹ̀ yìí, nítorí kí ti àkọ́kọ́ má baà di ìkẹta ni.

Ohun tí wọ́n fẹ́ fi la ọ̀nà tuntun náà ṣe kókó. Ó lè jẹ́ iṣan Bàbá fúnra wọn, èyí tó gùn láti ọrùn ẹsẹ̀ gòkè dé itan, tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Jean Kunlin ló kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí ní Paris ní 1948. Ó sì lè jẹ́ ọ̀pá oníke bíi Dacron tàbí PTFE. Iṣan ara ẹni máa ń ta kòkòrò nù ju ike lọ. Kòkòrò tó bá lẹ̀ mọ́ ara ike á ta bí àwọ̀n bo ara rẹ̀, oògùn kò ní í ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì lè sùn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, àní fún ọdún, kó tó jí. Ẹ bi dókítà léèrè bóyá iṣan Bàbá dára tó láti lò. Títí di ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fa omi sí Bàbá lára tàbí gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ẹ rọ̀ wọ́n kí wọ́n lo ọwọ́, kí wọ́n má gún ẹsẹ̀. Iṣan tí abẹ́rẹ́ bá ti bàjẹ́ lè má ṣeé lò mọ́.

Òkèèrè lolójú jíńjìn ti ń mẹ́kún sun. Ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ní yìí ṣeyebíye ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta abẹ́rẹ́ lọ. Ṣúgà ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹ máa fi ẹ̀rọ kékeré yẹn wò ó láàárọ̀ kí Bàbá tó jẹun, àti lálẹ́ kí wọ́n tó sùn, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì gbé ìwé náà lọ fún dókítà tó ń tọ́jú àtọ̀gbẹ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó lè tún oògùn wọn tò. Bí ṣúgà bá ń kọjá 180 mg/dL lórí ẹ̀rọ wa ní àsìkò iṣẹ́ abẹ, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ kì í lè bá kòkòrò jà bó ṣe yẹ. Àmọ́ ẹ má fi ebi lé ṣúgà wálẹ̀ o. Bó bá já sí ìsàlẹ̀ 70, ewu mìíràn nìyẹn, kí ẹ sì yára fún wọn ní ohun dídùn mu. Ẹ bèèrè fún àyẹ̀wò HbA1c náà, tó ń sọ bí ṣúgà ti rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn tí iṣẹ́ abẹ wọn lè dúró ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n lọ tún tiwọn ṣe kí wọ́n padà wá. Ti Bàbá kò lè dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́, nítorí ìka tó ń kú kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Sìgá ńkọ́? Ẹni tó bá jáwọ́ ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú iṣẹ́ abẹ máa ń bọ́ nínú ọ̀pọ̀ wàhálà egbò. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ ní, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì gidi. Ẹ má fi ìbínú sọ ọ́, ẹ má sì fi ṣe ẹ̀sùn níwájú àwọn ọmọ kéékèèké. Ẹni tó ti mu sìgá fún 40 ọdún kò mu ún torí pé ó fẹ́ kú. Ẹ jókòó ti wọn nírọ̀lẹ́ kan, kí ẹ sọ ọ́ ní gbangba pé sìgá ń mú kí àwọn iṣan tín-ín-rín tó yẹ kó mú egbò jinná súnkì, pé ó sì lè dí ọ̀nà tuntun tí ẹ ń ná owó lé lórí yìí. Ẹ bi dókítà nípa oògùn tàbí pílásítà tó ń bá èèyàn jáwọ́. Áṣáà àti tábà náà kò yàtọ̀.

Oúnjẹ ẹ̀wẹ̀. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹran díẹ̀: wọ̀nyí ni ara fi ń rán ara rẹ̀ padà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí Bàbá má jẹ ẹyin kí egbò má baà ní ọyún, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì fún Bàbá ní ẹyin wọn. Oògùn aspirin àti èyí tó ń bá ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ jà, kí wọ́n má dá a dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí Bàbá wẹ̀ dáadáa pẹ̀lú ọṣẹ, kí wọ́n tún wẹ̀ láàárọ̀. Ọṣẹ tí ẹ ń lò nílé tó. Kí wọ́n gbé ikùn sókè fọ abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fọ ibi tí itan ti pàdé ikùn, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n wọ aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fá irun ibẹ̀! Mo mọ̀ pé ìmọ́tótó làwọn ẹbí ń rò tí wọ́n fi ń mú bíléèdì. Bíléèdì máa ń ha awọ ní ojú kéékèèké tí a kò lè rí, inú rẹ̀ ni kòkòrò sì ń sùn mọ́jú. Bó bá pọn dandan kí irun kúrò, nọ́ọ̀sì á fi kílípà gé e lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an.

Nínú tíátà, ẹnu yín nìkan ló lè ṣiṣẹ́. Ẹ béèrè tẹ̀rín-tẹ̀rín bóyá wọ́n máa ń lo ìwé àyẹ̀wò WHO, èyí tó ní ohun 19 tí wọ́n gbọ́dọ̀ kà sókè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti kó tó parí. Wọ́n dán an wò ní ìlú mẹ́jọ káàkiri àgbáyé, Ifakara ní Tanzania wà lára wọn. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2009, ikú dín kù láti 1.5 sí 0.8 nínú 100 aláìsàn, ìnira mìíràn náà sì dín kù láti 11 sí 7. Bí wọ́n ti fún aláìsàn ní antibáyọ́tíìkì lásìkò wà lára ohun tí wọ́n ń kà jáde. Ẹ tún béèrè bí wọ́n ṣe máa jẹ́ kí ara Bàbá móoru. Òtútù tíátà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfàyàbalẹ̀ lásán. Ní 1996, ìwádìí kan lórí 200 èèyàn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìfun fún fi hàn pé egbò 19 nínú 100 ló kẹ̀ lára àwọn tí wọ́n jẹ́ kí ara wọn tutù, 6 péré sì ni lára àwọn tí wọ́n mú móoru. Ẹ gbé kúbùsù mímọ́ dání fún ọ̀nà àlọ àti àbọ̀.

Èyí tó tẹ̀lé e yìí dùn mọ́ mi nínú, nítorí ilé wa ló ti jáde. Ní 2022, èsì ìwádìí kan jáde láti orílẹ̀-èdè méje, Nàìjíríà àti Benin wà nínú wọn, lórí àwọn aláìsàn tó lé ní 13,000. Ohun tí wọ́n ṣe kò ju pé kí àwọn oníṣẹ́ abẹ pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ àti irinṣẹ́ kí wọ́n tó rán ikùn pa. Egbò tó ń kẹ̀ dín kù láti 18.9 sí 16 nínú 100. Iṣẹ́ abẹ ikùn ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe ti iṣan. Síbẹ̀ mo ti bá àwọn dókítà iṣan ṣiṣẹ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ di àṣà, mo sì gbà pẹ̀lú wọn.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọwọ́ ni olórí ọ̀tá, ọwọ́ náà ni olórí ọ̀rẹ́. Ẹ yan èèyàn méjì péré tí yóò máa fọwọ́ kan Bàbá. Kí wọ́n fi ọṣẹ fọwọ́ kí wọ́n tó débẹ̀, kí wọ́n sì fi fóònù sílẹ̀, nítorí fóònù tí a gbé wọ ilé ìyàgbẹ́ ni a tún ń gbé wọ wọ́ọ̀dù. Àwọn àlejò tó bá wá kí wọn, kí wọ́n kí wọn láti ibi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n má jókòó lórí rẹ̀. Bí kò bá sí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi tó rin ín, a kì í ṣí bándéèjì àkọ́kọ́ fún nǹkan bí wákàtí 48. Lẹ́yìn ìyẹn, gbígbẹ ni gbogbo ogun. Ẹ máa tẹ́ gọ́ọ̀sì mímọ́ tó gbẹ sáàárín ibi tí awọ ti ń ra awọ, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ nígbàkúgbà tó bá lọ́rinrin. Kí Bàbá wọ ṣòkòtò òwú tó ṣò, kí wọ́n má jókòó kó ara jọ fún wákàtí gígùn. Bí wọ́n bá yàgbẹ́ tán, kí wọ́n nu ìdí lọ sẹ́yìn, kí ó má gba iwájú. Kí wọ́n má ri ara sínú omi. Bí dókítà bá ti ní kí wọ́n wẹ̀, kí omi ṣàn kọjá lára wọn, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ìránsọ gbẹ láìfà á.

Mo ní bàbá kan lójú títí di òní. Ojú ìránsọ wọn dára títí di ọjọ́ kẹfà, a sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ní ọjọ́ kọkànlá, ìyàwó wọn tì wọ́n padà wọlé lórí àga onítáyà. Mo ṣí aṣọ, n kò rí egbò rárá. Kápúsù ni wọ́n ti ń já lójoojúmọ́, tí wọ́n ń da ìyẹ̀fun rẹ̀ sójú ìránsọ, ó sì ti gan bí ẹ̀kọ tó jó mọ́ ìdí ìkòkò, aláwọ̀ pupa rúsúrúsú, pẹ̀lú irun tó há sínú rẹ̀. Mo fi omi iyọ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́, mo ń bu ú sí i díẹ̀díẹ̀, ó gbà mí ní 40 ìṣẹ́jú kí n tó rí awọ. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ní igun kan ṣoṣo, ìránsọ ti là tó ibú ìka kan, ọyún sì wà nínú rẹ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde. Ìyàwó wọn ń sunkún. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ bàbá náà kò lọ, ṣùgbọ́n wọ́n lo ọ̀sẹ̀ méje pẹ̀lú wa sí i. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún yín nísinsìnyí: ìyẹ̀fun kápúsù, sípíríìtì, òrí, àgúnmu, oyin tí wọ́n rà lójú títì, kí ìkankan má kan ojú ibẹ̀.

Omi gbígbóná ńkọ́? Ẹsẹ̀ Bàbá máa wú, ó sì lè wú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya wọlé síbi tó ti gbẹ. Ẹnìkan nílé máa dábàá pé kí ẹ fi aṣọ tí a rì bọ omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ bí a ti ń tẹ ìyálọ́mọ. Ẹ má gbà! Ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ lè má mọ gbígbóná, omi á bó awọ rẹ̀ kí Bàbá tó ké. Ìrọ̀rí méjì ni kí ẹ fi gbé ẹsẹ̀ sókè bí wọ́n bá dùbúlẹ̀. Kí ẹ sì má dì í le.

Kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn, ẹ ní kí dókítà fi bírò sàmì síbi tí iṣan ti ń lù lórí ẹsẹ̀ náà, kí ó sì di ìka yín mú títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n. Láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ fọwọ́ kàn án. Bí ẹsẹ̀ bá tutù lójijì, tó funfun, tó ń dun Bàbá gidigidi tàbí tí wọn kò mọ̀ ọ́n mọ́, tí ẹ kò sì rí lílù náà mọ́, ọ̀nà tuntun ti ń dí nìyẹn. Wákàtí mélòó kan lẹ ní, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́. Bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá le gbagidi, tó ń ro wọ́n kọjá bó ti yẹ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ sí ìkejì, ẹ pariwo pe nọ́ọ̀sì, kódà bó bá jẹ́ òru.

Ní ti egbò fúnra rẹ̀: kó máa pọ́n kó sì máa tàn kálẹ̀, kó gbóná, kó máa rùn, kí ọyún jáde, kí ìránsọ là, kí ibà tàbí ìgbọ̀n mú Bàbá, ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé wọn lọ. Omi tó mọ́ gaara tó ń rin gọ́ọ̀sì lemọ́lemọ́ kò tíì jẹ́ ọyún, ṣùgbọ́n ẹ fi tó wọn létí. Èyí tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má gbàgbé ni ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ pupa bá tú láti ibi tí itan ti pàdé ikùn yẹn, kódà kó jẹ́ díẹ̀, kódà kó ti dá fúnra rẹ̀, ó lè jẹ́ ìkìlọ̀ pé iṣan fẹ́ já. Ẹ dá Bàbá dùbúlẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ àti aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí láìṣí i wò, kí ẹ sì máa lọ sílé ìwòsàn bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa ṣọ́ gbogbo èyí fún oṣù mẹ́ta gbáko. Bó bá jẹ́ ike ni wọ́n fi sí i, ẹ máa sọ ọ́ fún dókítà èyíkéyìí tó bá ń tọ́jú Bàbá, kódà lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Ó wá ku owó ẹ̀gbọ́n yín. Kí wọ́n fi ra ẹ̀rọ ṣúgà àti bébà rẹ̀ tó tó oṣù mẹ́ta, gọ́ọ̀sì tí wọ́n dì pa, ọṣẹ, ṣòkòtò òwú mẹ́fà, àti ẹyin. Kí ẹ ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò egbò ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù àkọ́kọ́, nítorí owó ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ní tí egbò kékeré fi ń di ńlá. Bí ó bá ṣì kù, ẹ bi dókítà bóyá ilé ìwòsàn ní bándéèjì onímáṣíìnì tó máa ń fa omi kúrò lójú ìránsọ tí wọ́n ti pa dé. Ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ní ibi tí itan ti pàdé ikùn, ó ti ń dín kíkẹ̀ kù. Ẹ fi èsì ṣúgà ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi, kí á jọ wò ó kí ẹ tó padà sọ́dọ̀ dókítà.